Ta Ló Ni Òjìji Èèyàn?

“Fọ́tò mi” jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré tó ru ẹrù mẹ́ta. Ẹni tó gbé kámẹ́rà tó sì tẹ̀ ẹ́ lè sọ ọ́, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ hàn nínú àwòrán náà lè sọ ọ́, nítorí òun ni wọ́n yà. Ẹni tí àwòrán náà wà nínú àpótí rẹ̀ náà lè sọ ọ́, bí kò tilẹ̀ yà á tí kò sì sí nínú rẹ̀. Nígbà tí fọ́tò ṣì jẹ́ bébà, àwọn mẹ́ta yìí sábà máa ń jẹ́ ará ilé kan náà tàbí ojúlùmọ̀, ìjà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín wọn. Áàpù tí àwọn èèyàn fi ń pín àwòrán, irú Instagram, Facebook, Flickr àti Google Photos, ló gbé ẹni kẹta lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí àwòrán wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ilé-iṣẹ́ tí kò mọ ẹni tó yà á, tí kò mọ ẹni tí wọ́n yà, tó sì ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù àwòrán mọ́ sínú kọ̀ǹpútà tí onífọ́tò kò ní fojú kàn láéláé. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ta ló ni àwòrán? Kí sì ni “ní” túmọ̀ sí nígbà tó bá jẹ́ pé ojú èèyàn ni ohun tí à ń jà lé lórí?

Ibi ìnáwó nílẹ̀ Yorùbá ti fi ìbéèrè yìí hàn kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Fótógíráfà á máa rìn láàárín àwọn àlejò, á máa yà wọ́n bí wọ́n ti ń jẹun, bí wọ́n ti ń jó, bí wọ́n ti ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí. Kì í sábà tọrọ àyè. Kí òde tó tú, fọ́tò ti jáde, ó ti tẹ́ wọn sórí ọ̀rá lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Àlejò á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa wá ojú ara rẹ̀ láàárín ojú àwọn ẹlòmíì. Bó bá ti rí i, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Oníkámẹ́rà á dá iye kan, àlejò á ní ó ti wọ́n jù, oníkámẹ́rà á sì rán an létí pé bébà ti gbówó lórí. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní sọ pé fótógíráfà ló ni ojú yẹn. Bébà, íǹkì àti làálàá ni wọ́n ń ná. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ra fọ́tò tí kò wù wọ́n rárá, tí ẹnu ṣí sílẹ̀ tàbí tí gèlè wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ojú wọn má bàa wà nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ èrò máa kọjá lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rà padà kì í ṣe bébà nìkan. Ojú kì í ṣe ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú àwòrán rẹ̀ dání ti ní agbára kan lórí ẹni náà.

Agbára yìí ni òfin àwọn orílẹ̀-èdè ti ń bá jà láti ìgbà tí kámẹ́rà ti di ohun tí èèyàn lè gbé rìn. Ní òru tí Otto von Bismarck, tó ti jẹ́ olórí ìjọba Jámánì, kú sí Friedrichsruh ní oṣù Keje ọdún 1898, àwọn fótógíráfà méjì yọ́ wọ yàrá tí òkú rẹ̀ wà, wọ́n yà á lórí ibùsùn, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa ra àwòrán náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé wọn lọ sí kóòtù. Ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Leipzig dá àwọn ọmọ láre ní ọdún 1899, ṣùgbọ́n ìdí tó rí dìmú ni pé àwọn ọkùnrin náà wọ ilé onílé láìgba àṣẹ. Kò sí òfin kankan nígbà náà tó sọ pé ojú òkú náà ní olúwa. Bó bá ṣe pé ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ti yà á, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ẹjọ́ ì bá já sí. Ní ọdún 1907 ni Jámánì ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ tan àwòrán èèyàn kálẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbà, àti pé lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọwọ́ àwọn ẹbí rẹ̀ ni àṣẹ náà yóò wà fún ọdún mẹ́wàá.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn débẹ̀. Abigail Roberson, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní ìpínlẹ̀ New York, ṣàdédé rí ojú ara rẹ̀ lórí ìwé ìpolówó ìyẹ̀fun. Nǹkan bí 25,000 ìwé náà ni wọ́n ti tẹ̀, tí wọ́n sì ti lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìtajà àti ilé ọtí. Ìwé náà kò bú u, ó tilẹ̀ yìn ín lẹ́wà. Ní ọdún 1902, àwọn adájọ́ mẹ́rin nínú méje sọ pé òfin kò mọ irú ẹ̀tọ́ tó ń béèrè. Àwọn ará ìlú bínú gidigidi, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ṣe òfin ní ọdún 1903 tó dá ilé-iṣẹ́ lẹ́kun láti fi orúkọ tàbí àwòrán ẹnikẹ́ni polówó ọjà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ méjèèjì fi ibi tí bàtà ti ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀ hàn. Òfin mọ ilé, ó mọ ilẹ̀, ó mọ ọjà. Ojú èèyàn kò jọ èyíkéyìí nínú wọn, ó sì di dandan kí wọ́n wá àyè tuntun fún un.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò kò fẹnu kò lórí ohun tí àyè náà yẹ kó jẹ́. John Locke, nínú ìwé tó jáde ní 1689, sọ pé olúkúlùkù ló ni ara rẹ̀, ó sì ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà ohun tó bá da iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ di tirẹ̀. Ìlànà yìí ló ṣe bàbá fún òfin àṣẹ-oníṣẹ́: ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó tẹ kámẹ́rà ló ni fọ́tò, ẹni tí wọ́n yà kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Locke dé òpin, ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù náà yóò dìde sọ pé òun náà ṣiṣẹ́: òun ló ń san owó iná, òun ló ra kọ̀ǹpútà, àwọn ẹnjiníà òun ni kò jẹ́ kí àwòrán náà ṣòfò. Ẹni tí wọ́n yà nìkan ni kò ní ìwé iṣẹ́ kankan láti fi hàn. Ó kàn dúró ni, ojú rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Immanuel Kant ní tirẹ̀ sọ ní ọdún 1785 pé ohun gbogbo ní iye tàbí kó ní iyì: ohun tó ní iye ni a lè fi òmíràn tó bá a dọ́gba rọ́pò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a lè fi rọ́pò èèyàn, iyì ni èèyàn ní. Ìṣòro fọ́tò ni pé ó ní méjèèjì pọ̀. Bébà rẹ̀ ní iye. Ẹni tó wà lórí bébà náà kò ní iye.

Àwọn ẹ̀sìn ti rò ó jinlẹ̀ ju àwọn amòfin lọ, nítorí wọ́n ti ń bá ọ̀rọ̀ àwòrán bọ̀ kí kámẹ́rà tó wà. Nínú Bíbélì, Jẹ́nẹ́sísì ní Ọlọ́run dá èèyàn ní àwòrán ara rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé èèyàn fúnra rẹ̀ jẹ́ àwòrán tó ní Olúwa. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ owó-orí dán Jésù wò, ó béèrè pé àwòrán ta ló wà lára owó náà, ó sì ní kí wọ́n dá ohun tí í ṣe ti Késárì padà fún Késárì. Ọ̀pọ̀ oníwàásù ti fi yé ìjọ láti ìgbà láéláé pé bí owó tó ní ojú Késárì bá jẹ́ ti Késárì, ẹni tó ní àwòrán Ọlọ́run lára kò lè jẹ́ ti Késárì. Ìtumọ̀ yìí wúlò gan-an nínú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, nítorí ó ya ohun tí àṣẹ ìjọba àti owó lè dé sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọn kò lè dé.

Láàárín àwọn Mùsùlùmí, hádíìsì tó kìlọ̀ fún àwọn tó ń ya àwòrán ohun ẹlẹ́mìí mú kí fọ́tò di àríyànjiyàn. Muhammad Bakhit al-Mutii, tó jẹ́ Mùfùtí àgbà ní Íjíbítì, kọ ìwé kan láti fi dáhùn. Ó ní ẹni tó ya fọ́tò kò dá nǹkan kan, kò bá Ẹlẹ́dàá díje. Ohun tó ṣe ni pé ó dá òjìji dúró. Àlàyé náà tu ọ̀pọ̀ èèyàn lára, ó sì jẹ́ kí wọ́n lè ya fọ́tò láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn mìíràn sílẹ̀ tí kò sí ẹni tó kíyè sí nígbà náà. Bó bá jẹ́ pé òjìji tí a dá dúró ni fọ́tò, òjìji ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó dá a dúró kò sọ ọ́ di tirẹ̀, bí ẹni tó dá ẹṣin olóko dúró lójú ọ̀nà kò ti sọ ẹṣin di tirẹ̀.

Yorùbá náà ka òjìji mọ́ ara àwọn ohun tó para pọ̀ di èèyàn, pẹ̀lú ara, ẹ̀mí, ọkàn àti orí. Ìdí nìyí tí àwòrán kò fi jẹ́ ohun ṣeréṣeré. Adé ìlẹ̀kẹ̀ ọba ní ìbòjú, kì í ṣe gbogbo ojú ló sì gbọdọ̀ rí ojú ọba kòrókòró. Níbi ìbejì ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa kùn ún ní osùn, á máa fún un ní oúnjẹ, á máa wọṣọ fún un bó ti ń wọṣọ fún èyí tó kù. Nígbà tí fọ́tò dé, àwọn ìdílé kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò ṣe iṣẹ́ ère. Stephen Sprague, tó kọ nípa àwọn fótógíráfà Yorùbá ní 1978, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan bí ẹni pé àwọn méjèèjì ló jókòó tira wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ni èyí tó wà láàyè tí obìnrin sì ni èyí tó kú, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un fún ìlàjì kejì.

Ohun tó yẹ kí a tẹjú mọ́ nínú àṣà yìí ni ìhà tí gbèsè kọ sí. Ìyá tí ère ìbejì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí ẹ̀tọ́ kankan gbà nítorí pé ère wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ló rí gbà. Ó gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀, bí kò bá sì tọ́jú rẹ̀, àwọn àgbà á bi í. Àwòrán ń sọ ẹni tó bá mú un dání di ajigbèsè sí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Òfin òwò òde òní dojú èyí kọ òdìkejì pátápátá: níbẹ̀, ẹni tó mú àwòrán dání ni ẹ̀tọ́ ń pọ̀ sí i fún, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló sì ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó bá ti ìyá ìbejì mu, àmánà, ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni, tí a kò gbọdọ̀ ná, tí a kò gbọdọ̀ yá fún ẹlòmíì, tí a sì gbọ́dọ̀ dá padà bí olóhun bá dé. Ojú yìí ló yẹ kí a fi wo áàpù.

Àdéhùn tí àwọn áàpù ń fún èèyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Instagram bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2010. Ní oṣù Kẹrin 2012, Facebook kéde pé òun yóò rà á ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n gbé àdéhùn tuntun jáde tó ní ilé-iṣẹ́ mìíràn lè sanwó fún Instagram láti lo orúkọ àti fọ́tò àwọn oníbàárà nínú ìpolówó, láìsan kọ́bọ̀ fún oníbàárà. Ọ̀ràn ìyẹ̀fun 1902 ló tún padà wọlé yìí, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ó gba inú ìwé àdéhùn wọlé. Ariwo sọ, àwọn èèyàn ń pa àkántì wọn rẹ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan Kevin Systrom, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, yọ apá náà kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù ni èyí tó wà níbẹ̀ títí di òní: ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò sọ pé òun ló ni fọ́tò, ṣùgbọ́n oníbàárà fún òun láṣẹ ní gbogbo ayé láti lò ó, láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, láti yí i padà, láti fi hàn, àti láti gbé àṣẹ náà fún ẹlòmíì, láìsan owó. Ẹni tó ní gbogbo èyí tó sì ní òun kọ́ ló ni ín kò tíì sọ ohun púpọ̀.

Oníbàárà ló gbà, ni wọ́n á sọ. Ọ̀rọ̀ “gbà” fúnra rẹ̀ ní ojú méjì nínú èdè Yorùbá: ẹni tó fara mọ́ ọ̀rọ̀ gbà, ẹni tó na ọwọ́ mú nǹkan náà gbà. Lórí áàpù, oníbàárà ń gbà lọ́nà kìíní, ilé-iṣẹ́ ń gbà lọ́nà kejì. Kí ìfaramọ́ tó lè jẹ́ òótọ́, ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, ó gbọ́dọ̀ lè kọ̀ láìsí ìyà, ó sì gbọ́dọ̀ lè yí ọkàn padà. Àdéhùn gígùn tí èèyàn ní láti tẹ̀ kó tó lè rí fọ́tò ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n sọ lórúkọ lánàá kò mú ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣẹ dáadáa. Ó tọ́ kí a sọ ti àwọn ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú: ìpamọ́ fọ́tò ń náni lówó, ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó. Gbèsè yẹn wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbèsè owó ni, owó ló sì yẹ kí a fi san án. Kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú èèyàn dúró fún.

Dídé AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá, ti mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo sí i. Áàpù kan ti wà rí tó ń jẹ́ Ever, tí ilé-iṣẹ́ Everalbum ṣe, tí àwọn èèyàn fi tọ́jú fọ́tò wọn. Àjọ tó ń rí sí òwò ní Amẹ́ríkà, FTC, fẹ̀sùn kàn án ní oṣù Kíní 2021 pé ó ti yọ ojú àwọn èèyàn láti inú fọ́tò oníbàárà, ó sì fi wọ́n kọ́ ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò pa fọ́tò àwọn tó ti kúrò lórí áàpù náà rẹ́ bó ti ṣèlérí. Ìpinnu àjọ náà lórí rẹ̀ jẹ́ ohun àrà. Àjọ náà kò dúró lórí pé kí wọ́n pa fọ́tò rẹ́. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ tí wọ́n fi fọ́tò náà kọ́ rẹ́ pẹ̀lú. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Iyọ̀ tó ti yòrò sínú ọbẹ̀ kò ṣeé ṣà jáde mọ́. Ẹni tí kò ní kí wọ́n fi iyọ̀ òun sebẹ̀, ọbẹ̀ náà ni yóò ní kí wọ́n dà nù.

Clearview AI lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìròyìn The New York Times ní oṣù Kíní 2020 fi hàn pé ó ti kó fọ́tò tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta láti Facebook, YouTube àti àwọn ojú-òpó mìíràn, ó sọ ojú kọ̀ọ̀kan di òǹkà, ó sì ń ta àǹfààní rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá. Nígbà tí àjọ tó ń dáàbò bo dátà ní Netherlands bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 30.5 yúrò lé e ní oṣù Kẹsàn-án 2024, àwòrán náà ti lé ní bílíọ̀nù 30. Ohun tuntun pátápátá nìyí nínú ìtàn àwòrán. Láti inú “wò” ni Yorùbá ti fa “àwòrán” yọ. Ohun tí ojú ń wò ni. Òǹkà tí Clearview ń pa mọ́, kò sí ẹni tó ń wò ó. Kì í rántí ẹnikẹ́ni fún ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ẹwà, kì í ṣe ẹ̀rí ayẹyẹ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà fún ni láti mú ẹni tó ni ín nígbà tó bá ń kọjá lọ. Facebook fúnra rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àfaradà: lẹ́yìn tó ti gbà láti san 650 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn ará Illinois lórí irú òǹkà ojú bẹ́ẹ̀ tí òun náà ń ṣe, ó kéde ní oṣù Kọkànlá 2021 pé òun yóò pa òǹkà ojú èèyàn tó lé ní bílíọ̀nù kan rẹ́.

Fọ́tò sì ń ru ẹni tí kò sọ pé òun gbà. Nínú fọ́tò ẹgbẹ́ tó wọ aṣọ ẹbí, ẹnì kan ló gbé e sórí áàpù, ogún èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Ti ọmọdé ló nira jù. Òbí ni òfin máa ń sọ pé kó gbà fún ọmọ, òbí kan náà sì ni ó ń gbé àwòrán ìkómọ, ti ilé ìwẹ̀ àti ti ẹkún ọmọ náà síta. Faransé gbìyànjú rẹ̀ ní oṣù Kejì 2024 pẹ̀lú òfin tó sọ ìdáàbòbò àwòrán ọmọ di ara ojúṣe òbí méjèèjì. Ní Nàìjíríà, abala 37 nínú ìwé òfin 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, òfin ìdáàbòbò dátà sì di ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹfà 2023. Ní oṣù Keje 2024, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram. Lára ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọn kò jẹ́ kí àwọn ará Nàìjíríà ní ìkáwọ́ lórí dátà tiwọn, àti pé wọ́n fún wọn ní èyí tó kéré sí ti àwọn ará ibòmíràn. Ẹ̀sùn kejì yìí dun èèyàn dé ọkàn. Nígbà tí Meta fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àti fọ́tò tí àwọn àgbàlagbà ní Yúróòpù gbé síta kọ́ ẹ̀rọ AI rẹ̀ ní 2025, ó fún wọn ní fọ́ọ̀mù tí ẹni tí kò bá fẹ́ lè fi kọ̀, nítorí òfin ibẹ̀ fi dandan lé e. Iyì ojú èèyàn kò yẹ kó yí padà nígbà tó bá kọjá ẹnubodè.

Ó ku ti òkú. Nínú ilé Yorùbá, fọ́tò bàbá tó ti lọ máa ń wà lókè ògiri pálọ̀, ẹbí ló ń nù ún, ẹbí ló ń gbé e jáde bí ọdún ikú rẹ̀ bá pé. Lórí áàpù, ilé-iṣẹ́ ló ń pinnu bóyá ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí. Ní Berlin, ọmọbìnrin ọdún 15 kan kú ní 2012. Facebook ti àkántì rẹ̀ pa, ó sọ ọ́ di ìrántí òkú, àwọn òbí rẹ̀ kò sì lè wọlé mọ́ bí wọ́n tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Wọ́n wà lẹ́nu ẹjọ́ fún ọdún púpọ̀. Ní oṣù Keje 2018, ilé ẹjọ́ àgbà Jámánì dá wọn láre pé ogún wọn ni àkántì náà, bí lẹ́tà àti ìwé ìrántí ọjọ́ ti jẹ́ ogún. Ilé-iṣẹ́ náà wá fi ẹ̀rọ ìpamọ́ kékeré kan ránṣẹ́ sí wọn, tí ohun tó wà nínú àkántì ọmọ náà wà nínú rẹ̀ ní ojú-ìwé tó lé ní 14,000, láìtò ó fún ẹni tó fẹ́ wá nǹkan. Àwọn òbí náà padà sí kóòtù. Ní oṣù Kẹjọ 2020, àwọn adájọ́ sọ pé ìyẹn kò tó: wọ́n gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn, kí wọ́n lè wọlé, kí wọ́n sì máa wo ohun tó wà níbẹ̀ bí ọmọ wọn ti ń wò ó nígbà tó wà láàyè.